Kàlẹ́ńdà Tí Bàbá Mi Tẹ̀ Ṣáájú Ìdánwò

Aberdeen, Scotland
19 oṣù Kẹwàá, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yàrá tí kò fẹ̀ tó igun tí ẹ ń kó bébà sí ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ariwo ẹ̀rọ. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ pọ̀, kí wọ́n yé dààmú nítorí ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, kí n kọ ọ́ sínú bébà, torí pé lórí fóònù, "mo wà dáadáa" nìkan ni mo máa ń sọ. Ó dáa. Mi ò wà dáadáa. Ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún wa, mo fìdí rẹmi. Kì í ṣe pé mo kọsẹ̀ díẹ̀, Bàbá. Mo ṣubú bí ìgbà tí ìdì bébà bá bọ́ lórí alábàárù sínú gọ́tà.

Lórí ATP ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé. Gbogbo ara wa, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ló para pọ̀ di gbogbo rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Iṣẹ́ yòówù tí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe, agbára ló fi ń ṣe é, ATP ló sì ń gbé agbára náà dé ẹnu iṣẹ́. Wọ́n bi wá pé báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tọ́jú agbára. Èmi kọ ojú ewé méjì gbáko pé ó ń kó ATP jọ bí ẹni ń kó gàrí sápò, tó bá di ọjọ́ ìyàn, á máa bù ú jẹ. Olùkọ́ wa fi bíírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Rárá o. ATP tó wà nílẹ̀ kò lè tó sẹ́ẹ̀lì lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ."

Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Bàbá! Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá mi, mo máa ń dúró láàárín, kí n fọkàn wò ó bóyá tèmi ti fẹ́ tán.

Ìdánwò gidi ń bọ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní. Ẹni tó bá tún fìdí rẹmi níbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Bajulaiye pé mò ń kẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ẹ ní mo lọ kí ènìyàn ni.

Ọmọ yín,
Munirat


Bajulaiye, Ṣómólú
25 oṣù Kẹwàá, 2025

Munirat ọmọ mi, Àwẹ̀ró, dókítà mi,

Sàláámù àléékùn. Ṣé òtútù kò tíì gbé ọ mì? Lẹ́tà rẹ kò tíì dé, ṣùgbọ́n inú mi dùn kọjá kí n dúró dè é.

O mọ̀ pé bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ ni gbogbo Bajulaiye máa ń tẹ̀: ti mọ́ṣáláṣí, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti àwọn tó fẹ́ du ipò. Mo bi ara mi pé, Ràmọ́nù, láti ọjọ́ tí o ti ń tẹ ojú olójú, kí ló dé tí o kò tẹ ojú ọmọ tìrẹ? Ni mo bá mú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, èyí tí o wọ aṣọ funfun. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà gadagba, íńkì aláwọ̀ wúrà: DÓKÍTÀ MUNIRAT ÀWẸ̀RÓ ADÉNÍRAN, ÌLÚ ÒYÌNBÓ. Mo ká ẹyọ kan sínú lẹ́tà yìí. Bí iná bá tàn sí i, wàá rí i bó ṣe ń kọ mànà.

Ó ti wà lára ògiri onígbàjámọ̀. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wa lọ ata. Mo gbé e dé Obanikoro. Ṣàkírù, alábàáṣiṣẹ́ mi tó ń di ìwé, gbé tirẹ̀ lọ fún àwọn àna rẹ̀ ní Bariga. Bí mo bá ń kọjá báyìí, "Bàbá Dókítà, ẹ káàárọ̀ o" ni wọ́n ń kí mi. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un kí.

Iṣẹ́ ti dé bá ọ o. Ìyá Moshood tó ń ta bébà ní ẹ̀gbẹ́ wa ní kí n bi ọ́: bí òun bá ti jí láàárọ̀ ló ti máa ń rẹ òun, bí òun bá sì gun àtẹ̀gùn, àyà òun á máa lù kì-kì-kì. Ó ní ṣé kí òun dẹ́kun tíì mímu ni, àbí kí òun lé ọkọ òun lọ sílé ìyá rẹ̀? Ṣàkírù ní tòun, ọ̀rùn ló ń dun òun. Dá wọn lóhùn kíákíá, kí wọ́n má baà rò pé o ti ń gbéra ga.

Bàbá rẹ,
Ràmọ́nù Adéníran


Aberdeen
15 oṣù Kọkànlá, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣí lẹ́tà yín lójú Dọlápọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta tí a jọ ń gbé. Kàlẹ́ńdà náà ṣí ara rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹní. Dọlápọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, eyín ń dùn mí."

Bàbá, èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mò ń kọ́ ni bí ara ṣe ń fi oúnjẹ ṣiṣẹ́. Bí mo bá tilẹ̀ kàwé títí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, dókítà ìwé ni, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Aṣọ funfun yẹn, ilé ìwé ló ni ín. Gbogbo wa la wọ̀ ọ́ kí ásíìdì má baà ta sí wa lára.

Ṣé lẹ́tà mi àkọ́kọ́ ti dé? Bí mo bá fìdí rẹmi nínú oṣù Kìn-ín-ní, ojú mi náà ni yóò ṣì wà lára ògiri gbogbo Ṣómólú títí di ìparí ọdún, tí wọ́n á máa ka ọjọ́ lábẹ́ àgbọ̀n mi. Ẹ má bínú, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dà bí àfojúdi: ẹ ti sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba gbogbo rẹ̀ padà.

Ti Ìyá Moshood, kò tọ́ kí n sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn látìgbà tí mo ti kà á. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké kan wà tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ tí a mí sínú jó oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fi agbára rẹ̀ ṣe ATP. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé afẹ́fẹ́ náà lọ bá wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, afẹ́fẹ́ kò ní tó, iṣẹ́ á falẹ̀ nínú àwọn yàrá náà, á máa rẹ ènìyàn, ọkàn á sì máa sáré kó lè dí àìtó náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ló máa mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n lọ sí ọsibítù, kí wọ́n ní kí àwọn dókítà ibẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò. Kí wọ́n má tíì lé ọkọ wọn.

Munirat


Bajulaiye
18 oṣù Kọkànlá, 2025

Àwẹ̀ró,

Lẹ́tà tí o kọ nínú oṣù Kẹwàá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á sókè fún ìyá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ATP kò lè tó ọ lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Ràmọ́nù, mo sọ fún ẹ pé òtútù ibẹ̀ á fa ọmọ mi gbẹ!"

Nígbà tí o wà nílé, ṣé ATP rẹ tán rí? Ìwọ tí o máa ń gbé jálá omi gun òkè láìmí sókè! Sọ òótọ́ fún mi, ṣé ò ń jẹun? Ara wo sì ni èyí tí kò mọ tọ́jú-pamọ́? Èmi tí mò ń ṣa ẹ̀gbẹ́ bébà tí a gé kù, kì í ṣe nínú ilé mi lo ti kọ́ ìnákúnàá. Àti pé, bí ó bá ń tán kíákíá bẹ́ẹ̀, báwo ni ènìyàn ṣe ń sùn di òwúrọ̀? Bi olùkọ́ rẹ kó dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ ti di ẹrù fún ọ: àádùn, kúlíkúlí, èlùbọ́. Ìyá Moshood fi ògì gbígbẹ tirẹ̀ kún un, ó ní ẹni tí yóò tọ́jú òun kò gbọdọ̀ kú ṣáájú òun. Ọmọ Akoka kan tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni yóò gbé e fún ọ. Máa jẹ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ATP rẹ á fi gbéra sọ.

Ní ti pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ti bọ́, ẹyin ti fọ́. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan pé o yege ìdánwò. Mo kàn sọ fún wọn pé dókítà ni ọ́ ni.

Bàbá rẹ


Aberdeen
9 oṣù Kejìlá, 2025

Bàbá mi,

Ẹrù dé. Mo dúpẹ́ púpọ̀. Àádùn ti tán, Dọlápọ̀ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ara mi le o, mi ò ṣàìsàn. Èmi ni mi ò ṣàlàyé dáadáa. Ó jọ pé àìlèṣàlàyé yìí gan-an ló gbé mi ṣubú nínú ìdánwò.

Ìbéèrè yín nípa oorun, olùkọ́ wa ní ìbéèrè gidi ni. ATP ń tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tán náà ni sẹ́ẹ̀lì ń tún un ṣe, lóòrùn, lójò, lójú oorun. Ó ní èyí tí ara ń tún ṣe láti àárọ̀ di àárọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ènìyàn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ pé ẹnì kan ń sinmi, irọ́ ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. ATP ní orí kan, ó sì ní ìrù tí nǹkan mẹ́ta tò sí, fọ́sífétì lorúkọ wọn. Àwọn mẹ́ta yìí kò fẹ́ sún mọ́ ara wọn rárá, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí èmi, Màmá àti Ìyá Moshood fún ara wa sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ láti Bariga? A ò lè mí. Nígbà tí Ìyá Moshood sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ fò sókè, Màmá ní "Alihamudulilahi!", bí wọ́n ṣe tú ara ká sì gbá mi mọ́ irin. Bí fọ́sífétì tó wà ní ìparí ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Nínú ìtúraká àwọn tó kù àti tirẹ̀ ni agbára ti ń jáde, òun sì ni iṣan fi ń fà, tí ọkàn fi ń lù. Láti tún ẹni kẹta fún padà sínú kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ ni. Agbára oúnjẹ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú àwọn yàrá tí mo sọ. Ẹ má jẹ́ kí Ìyá Moshood gbọ́ àpẹẹrẹ yìí.

Bàbá, ẹ ò fèsì lẹ́tà mi ti oṣù tó kọjá, èyí tí mo ti bẹ̀ yín nítorí kàlẹ́ńdà. Bí mo bá pè, Màmá á ní ẹ ò sí nílé. Ṣé mo ti sọ̀rọ̀ jù ni?

Munirat


Aberdeen
11 oṣù Kìn-ín-ní, 2026

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Ọ̀la ni ìdánwò. Kò sí lẹ́tà kankan láti ọ̀dọ̀ yín. Mo pè lánàá, Màmá ní ẹ ti jáde. Mo bi wọ́n pé ibo, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ń rìn ká." Wọ́n sì pa fóònù.

Ẹ ò rìn ká rí. Ẹ̀rọ yín lẹ máa ń dúró tì. Ó dá mi lójú pé ẹ bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹ sọ lórúkọ. Mo ti ṣí ìwé mi lọ, mo ti ṣí i bọ̀, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti fò lọ. Kàlẹ́ńdà yẹn wà lára ògiri mi, Dọlápọ̀ ló fi kọ́. Mo yí i dojú kọ ògiri kí n lè kàwé.

Bí mo bá ṣubú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ènìyàn fi yín rẹ́rìn-ín.

Munirat


Bajulaiye
20 oṣù Kìn-ín-ní, 2026

Munirat ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní o rò pé mò ń bínú sí ọ. Ta ló bínú? Ọwọ́ mi ló dí.

Lẹ́tà rẹ nípa kàlẹ́ńdà dùn mí, n kò ní purọ́. Mo ká a, mo fi sápò, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ò ń sọ kì í ṣe irọ́. O ní kí n gba gbogbo rẹ̀ padà. Ọmọ, a kì í gba kàlẹ́ńdà padà lọ́wọ́ ènìyàn. Wọ́n á ní ìjà ló dé. O ti gbàgbé ohun tí a máa ń ṣe bí a bá tẹ orúkọ oníbàárà ṣì. Sítíkà ni.

Mo tẹ sítíkà tó gba ibi tí DÓKÍTÀ wà gẹ́lẹ́, íńkì wúrà kan náà. AKẸ́KỌ̀Ọ́ ni mo kọ sí i. N kò rán ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ mi gbé e kiri ni mo tún fi ẹsẹ̀ mi lọ lẹ̀ ẹ́, láti Obanikoro dé ọ̀dọ̀ àwọn àna Ṣàkírù ní Bariga. Ibi tí mo ń rìn ká lọ nìyẹn.

Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró, ó ní, "Bàbá Dókítà, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n lé e ni?"

Mo ní, "Wọn ò lé e. Kò tíì débẹ̀ ni."

Ó ní, "Ó dáa o, Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ń gé irun fún lọ́wọ́ náà rẹ́rìn-ín, abẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí. Títí di òní, orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn. Mo ti ń jẹ́ ẹ.

Ìyá Moshood nìkan ló lé mi jáde. Ó lọ sí ọsibítù bí o ṣe wí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, wọ́n fún un lóògùn. Ó ti ń gun àtẹ̀gùn báyìí, ó sì ti ń bú mi láti òkè. Ó ní, "Ràmọ́nù, o ò ní lẹ nǹkan kan mọ́ tèmi. Dókítà ló wà níbẹ̀, dókítà ni mo rí." Ọkọ rẹ̀ náà ní kí n kí ọ, ó ní o ṣeun tí o jẹ́ kí òun wà nílé.

Ìdánwò ti kọjá bí mo ṣe ń kọ èyí. Bó bá bọ́ sí i, ó bọ́ sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni ọ́, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ.

Bàbá rẹ


Aberdeen
14 oṣù Kejì, 2026

Bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn, mo sì jókòó síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ATP.

Èsì ti jáde. Mo yege, Bàbá. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ṣe fáàrí, mo kàn fò ó kọjá bí ewúrẹ́ tó fi ikùn kan odi. Olùkọ́ wa ní mo lè máa bá ẹ̀kọ́ mi lọ. Mo tún ní kí wọ́n bá mi ka nọ́ńbà ìdánwò mi lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá wọ́n fún mi ní ti ẹlòmíràn ni.

Ìbéèrè tí wọ́n bi wá nígbà yẹn náà ni wọ́n tún bi: báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tọ́jú agbára? Mo ń wo bébà, mo ń wo bí wọ́n ṣe gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá rí Bajulaiye. Bébà wà ní ilé ìkẹ́rùsí Ìyá Moshood dé òrùlé, bí ọ̀rá ṣe wà lára wa. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yín kò lè na ọwọ́ mú un níbẹ̀. Alábàárù ló ń gbé e wá. Á sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, á padà lófìfo, á tún gbé òmíràn. Wọn ò pọ̀, ẹrù kì í sì í pẹ́ lórí wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó, gbogbo Bajulaiye á dákẹ́, bí ilé ìkẹ́rùsí tilẹ̀ kún. ATP kì í ṣe àpò gàrí. Alábàárù ni. Mi ò kọ Bajulaiye sínú bébà ìdánwò o, àmọ́ ibẹ̀ ni mo wà ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ ọ́.

Mo ti yí kàlẹ́ńdà mi padà síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sítíkà kan ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ sì bá mi bẹ Ìyá Moshood kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lẹ ti wọn náà. Bí mo bá rántí pé ó kù níbì kan, mi ò ní lè sùn.

Munirat


Bajulaiye
5 oṣù Kẹta, 2026

Àwẹ̀ró,

A kú ààwẹ̀. Ìyá rẹ jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ, ìrun àṣálẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà rẹ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àwọn alábàárù ní kí n kí ọ, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àwọn wà nínú ara òyìnbó pẹ̀lú.

Ìyá Moshood jiyàn títí, ó wá gbà nítorí tìrẹ, ṣùgbọ́n ó ní òun fúnra òun ni yóò lẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀ ẹ́ wọ́. Ìdajì DÓKÍTÀ ṣì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí n tún un ṣe, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Kí o bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Tìrẹ wà nínú lẹ́tà yìí. Fara balẹ̀ lẹ̀ ẹ́ kó gún.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ. Bébà sítíkà tí à ń lò, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti lẹ̀, ó lẹ̀ nìyẹn, àfi kí ó fa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ya. Òun ni Ṣàkírù kọ́kọ́ gbé wá lọ́jọ́ tí a fẹ́ tẹ tìrẹ, torí pé òun la fi ń tún àṣìṣe ṣe. Mo ní kó lọ dá a padà. Èyí tó ṣeé ṣí ni mo lò.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́,
Ràmọ́nù Adéníran